Kìnnìún Òyìnbó àti Idì Tèmi

Èjìká àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dé Àbújá. Ní Kárú tí mo gba yàrá sí, àwọn obìnrin Gbàgyí tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, àwọn tí Haúsá ń pè ní Gwàrí, kì í ru ẹrù sórí. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Igi ìdáná ni o, ìkòkò omi ni o, apẹ̀rẹ̀ iṣu ni o, wọ́n á tẹ ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á sì máa lọ bí ẹni pé ẹrù náà ń bá wọn sọ̀rọ̀ létí. Èmi tí mo ti Ìlọrin wá, tí gbogbo ìyá tí mo mọ̀ ń fi òṣùká sórí kí wọ́n tó ru nǹkan, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń wò wọ́n títí ọ̀kan nínú wọn fi bú mi ní èdè tí n kò gbọ́. Mo mọ̀ pé èébú ni, nítorí ohùn èébú kò yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì. Bàbá Jàtau, onílé mi, ló fi èdè Haúsá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé orí ni ọ̀gá nínú ara, kò sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́ di alárùú. Mo rò ó, mo rí i pé àlàyé náà dára, ṣùgbọ́n ọrùn ṣì ń dùn mí fún wọn.

Àbújá kò tíì di ìlú nígbà yẹn. Àwọn ológun ló wà lórí àléfà, wọ́n sì ń sọ lójoojúmọ́ pé àwọn máa kó ìjọba kúrò l'Ékòó wá síbẹ̀. Ohun tí ojú rí ni erùpẹ̀ pupa, katakata tó ń hú ilẹ̀, àti títì gbòòrò tó lọ tààrà títí tó fi wọ inú igbó, tó sì parí síbẹ̀ láìsọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń dé lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á sì padà sọ́dọ̀ aya àti ọmọ lọ́jọ́ Ẹtì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìlú á dákẹ́, á wá ku àwa tí a kò ní ibi tí à ń padà sí. Àwa la jókòó ti ìlú náà títí tó fi dàgbà.

Lọ́rì ni kò jẹ́ kí n ní ibi tí mò ń padà sí. Iṣẹ́ mi ni kíkọ nǹkan sára ọkọ̀. Ẹni tó bá rin títì láyé ìgbà yẹn á ti rí irú iṣẹ́ wa: kìnnìún lẹ́yìn lọ́rì, tàbí ẹkùn tó la ẹnu, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ṣókí lábẹ́ rẹ̀ tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á máa kà títí ọ̀nà á fi jìn. Mo mọ kìnnìún í yà débi pé àwọn onímọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń gbé ọkọ̀ wá bá mi n'Ílọrin. N kò rí kìnnìún rí láyé mi, àwọn náà kò rí i rí, ìyẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà rọrùn.

Àáfà ni bàbá mi. Ilé kéwú wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, àwọn ọmọ àdúgbò sì máa ń jókòó yí i ká, kálukú pẹ̀lú wàláà rẹ̀, ìyẹn pátákó tí a fi ń kọ́ Kùránì. Lọ́wọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń di kálámù mú, bí a ṣe ń po tàdáwà tí kò ní ṣàn, bí a ṣe ń fa ìlà kan já láìgbé ọwọ́. Nígbà tó gbọ́ pé ọwọ́ tí òun kọ́ ló wá ń ya kìnnìún sẹ́yìn ọkọ̀, kò pariwo. Ó pè mí jókòó, ó ní lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀, ọjọ́ ìdájọ́, wọ́n á ní kí ẹni tó ya ohun ẹlẹ́mìí mí ẹ̀mí sí i nínú, kò sì ní lè ṣe é.

"Nígbà tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ," ó ní, "mi ò fẹ́ kí o nawọ́ sí mi pé èmi ni mo kọ́ ọ."

Mo ní kí Bàbá jọ̀ọ́, iṣẹ́ ni. Ó ní òun gbọ́, iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ náà bá mú wá, òun kò ní jẹ nínú rẹ̀, òun kò ní mu nínú rẹ̀, òun kò sì ní fi bora. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ra ẹran wálé, wọ́n á se ọbẹ̀ bàbá mi lọ́tọ̀. Àbúrò mi obìnrin, Rísíkátù, ló ń se ìkòkò méjèèjì, kì í sì í wo ojú mi tó bá ń gbé tèmi fún mi. Nígbà tí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé iṣẹ́ pọ̀ l'Ábújá, mo di búrọ́ọ̀ṣì mi, mo tẹ̀ lé wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni mò ń fẹ́ ní gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, mo sì lè sọ ọ́ ní kúkúrú. Mo fẹ́ kí bàbá mi gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi kí ó tó kú.

*

Ní àárọ̀ Sátidé, mo máa ń lọ sí ilé tẹlifóònù ní Gàríkì. A máa ń tò níta, oòrùn á máa pa wá, títí akọ̀wé tó wà níbẹ̀ á fi pariwo orúkọ ìlú tó o fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kì í pe orúkọ ènìyàn. Ó lè ní "Ìlọrin", àwa bíi mélòó kan á dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan tó ń ta òògùn òyìnbó wà lódìkejì ilé wa n'Ílọrin tó ní tẹlifóònù nínú ṣọ́ọ̀bù, Rísíkátù á sì ti máa dúró dè mí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa kì í yàtọ̀ púpọ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ káàárọ̀. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

"Dáadáa ni. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà nílé. Ara wọ́n le."

"Ṣé wọ́n gba kúbùsù yẹn?"

"Wọ́n ti ní kí Sàká gbé e padà wá fún yín. Wọ́n ní òtútù ọdún yìí kò mú rárá."

Sàká yìí, ọmọ àdúgbò wa ni, ó ń ta aṣọ ní ọjà Gàríkì, òun ló sì máa ń bá mi gbé ẹrù lọ sílé. Ọyẹ́ ọdún yẹn mú débi pé ètè mi là. Mo fi kúbùsù náà bora, inú mi kò sì dùn sí i.

Nígbà tí Iléyá dé, mo ní kí Sàká bá mi ra àgbò fún bàbá mi n'Ílọrin, kí ó fà á dé ẹnu ọ̀nà wọn. Mo ní wọn ò ní lè dá ohun Ọlọ́run padà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bi Rísíkátù pé báwo ni Iléyá.

"A dúpẹ́. Bàbá pa àgbò kékeré kan tí àwọn fúnra wọn rà."

"Tèmi ńkọ́?"

"Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní àlejò ni, kí a máa fún un ní èèpo iṣu."

Wọn kò pa á, wọn kò sì tà á, nítorí owó rẹ̀ náà kò ní bójú mu. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sanra. Nígbà tó yá, Rísíkátù sọ fún mi pé àwọn ọmọ kéwú ti sọ ọ́ ní Alájì Àbújá, wọ́n sì máa ń kí i tí wọ́n bá ń kọjá. Mo rẹ́rìn-ín sí tẹlifóònù, mo sanwó, mo jáde. Mo rìn jìnnà lọ́jọ́ náà kí n tó rántí pé ibùdókọ̀ Kárú wà lẹ́yìn mi.

*

N'Íbàdàn, wọ́n máa ń pe àwa ará Ìlọrin ní Gàm̀bàrí. Ní Kárú, Bàyárábè ni mí, ohun tí Haúsá ń pe ọmọ Yorùbá. Bí mo bá ń lọ láàárọ̀, ẹnìkan á ní "Bàyárábè, sànnu", èmi náà á ní "yauwa", a ó sì kọjá lára wa. N kò bínú sí i. Ẹni tó ń gbé láàárín àwọn tí kò mọ bàbá rẹ̀ ní ìsinmi kan tó ń jẹ. Kò sí ẹni tó máa bi ọ́ pé báwo ni Àáfà, ṣé wọ́n ti yọ́nú sí ọ. Ṣùgbọ́n tí ibà bá mú ẹ, tí o wà lórí ẹní láti àárọ̀, tí o sì gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ní yàrá kejì ní èdè tí o kò gbọ́, ìsinmi náà á sú ẹ. Ó sú mi lọ́pọ̀ ìgbà.

Kìnnìún ni mo ṣì ń yà nígbà yẹn, sẹ́yìn àwọn tíìpà tó ń kó yanrìn. Ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó kan wà lọ́nà Ìdù tó ń wọn ilẹ̀, tó sì ń la ọ̀nà. Wọ́n pè mí kí n kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀ wọn. Ọ̀gá wọn, Píétà, òyìnbó gíga kan tí imú rẹ̀ máa ń bó nínú oòrùn, dúró lẹ́yìn mi níbi tí mo ti ń kọ ọ́. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi ní ìlà fífà. Mo ní bàbá mi ni. Kò pẹ́ tó fi mú mi wọ ọ́fíìsì, tó fún mi ní tábìlì, tó ní kí n máa kọ orúkọ ìlú àti odò sórí máàpù tí wọ́n bá yà. Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀, kì í sì í ṣe tèmi, bóyá ìyẹn ló jẹ́ ká tètè gbọ́ra wa yé.

Mo jáwọ́ nínú kìnnìún. Mo ní kí Rísíkátù sọ fún Bàbá pé mo ti jáwọ́, pé máàpù ni mò ń kọ báyìí, orúkọ ìlú lásán. Èsì tó bá mi lọ́sẹ̀ kejì ni pé Bàbá ní àwọn gbọ́, àwọn ń wò ó. Èmi tó jẹ́ pé kúbùsù ni wọ́n ń dá padà fún mi, "àwọn ń wò ó" yẹn dùn mọ́ mi nínú fún ọjọ́ mélòó kan.

*

Ògbólógbòó máàpù kan wà lókè tábìlì Píétà nínú gíláàsì. Láti ọ̀nà jíjìn, kìnnìún ni. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó na èékánná síwájú, ó yọ ahọ́n. Tí o bá sún mọ́ ọn, wàá rí i pé ìlú ni. Etí òkun ló fi ṣe ẹ̀yìn. Àwọn odò gba inú ikùn rẹ̀ bí iṣan. Àwọn ìlú kéékèèké jókòó sí egungun ìhà, wọ́n kọ orúkọ wọn síbẹ̀ ní lẹ́tà tó tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà. Ó pẹ́ kí n tó lè gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Ìlú mi nìyẹn," Píétà ní.

"Mo rò pé kìnnìún ni."

"Nígbà tí wọ́n yà á, ọba kan tó wà lọ́nà jíjìn ló ń jọba lé wa lórí. Àwọn tó ń ya máàpù wá ya ìlú wa ní kìnnìún, kí ọba náà lè mọ ohun tó fọwọ́ mú."

Mo bi í pé ṣé kìnnìún pọ̀ ní ìlú wọn.

"Kò sí ọ̀kan," ó ní. "Màlúù ló pọ̀."

Ó fẹ́ràn máàpù náà gan-an. Lọ́sàn-án tí iná bá lọ, á fi ẹ̀yìn tì, á gbójú sókè máa wò ó, èmi á sì mọ̀ pé kò sí l'Ábújá nígbà yẹn. Mo mọ irú ìwò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èmi kò ní ohun tí mo lè gbé kọ́ sára ògiri.

Ó ṣe, iṣẹ́ ọ̀nà kan ń parí lọ, wọ́n sì fẹ́ fà á lé ìjọba lọ́wọ́. Píétà ní òun fẹ́ gbé nǹkan kan fún wọn tí wọ́n á gbé kọ́ sínú gbọ̀ngàn: máàpù Nàìjíríà ní ìrísí ẹyẹ idì, idì pupa tó wà lórí àmì ìjọba. Ó ní kí ó tóbi tó ìlẹ̀kùn méjì. Ó bi mí pé ṣé mo lè yà á, mo sì ti ní bẹ́ẹ̀ ni kí n tó ronú kan bàbá mi.

Iṣẹ́ náà wọ̀ mí lára. Nígbà tí mo tẹjú mọ́ odò méjèèjì, Ọya tó ti apá ìwọ̀-oòrùn wá àti Bẹ́núè tó ti apá ìlà-oòrùn wá, mo rí i pé ẹyẹ náà ti wà nílẹ̀. Odò méjèèjì ni egungun apá tó nà sókè. Ibi tí wọ́n ti pàdé ní Lọ́kọ́ja ni ìdí ìrù, ìrù náà sì tẹ́ lọ títí dé òkun. Àbújá bọ́ sí àyà gan-an. Kàdúná di ọrùn, Kánò di orí. Ìlọrin, Ìbàdàn àti Èkó wà nínú ìyẹ́ tó rọ̀ lábẹ́ apá òsì. Sípíríánì, ọmọ Ìgbò tó ń ya ìlà ní tábìlì tó kàn mí, wá wo tírésì náà, ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo kọ́kọ́ yà á sí, ó wá ìlú rẹ̀ títí tó fi rí i.

"Oníṣà wà nídìí ẹyẹ," ó ní. "Gbogbo ibi tó wà lára ẹyẹ, ibi tó ti ń yàgbẹ́ lo fi mí sí."

"Ìrù ló ń darí ẹyẹ tó bá ń fò," mo dá a lóhùn.

"Ó dáa. Ìwọ gba ìrù, kí o fún mi ní ìyẹ́."

A fà á títí di àkókò oúnjẹ. Ẹni tó bá ti wọlé sí ọ́fíìsì náà, ìlú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wá, inú ẹni tó bá sì wà lórí tàbí láyà kì í bà jẹ́.

*

Mo gbé tírésì náà lọ sílé lọ́jọ́ Àìkú kan, mo tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń kọ orúkọ sí i. Bàbá Jàtau bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi Kárú hàn án, ó mi orí.

"Abúlé ìyá mi ńkọ́?" ó bi mí.

Mo ní níbo ló wà. Ó nàka sí ọ̀nà ìlú, síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ilé ìjọba. Ó ní ìjọba kó wọn kúrò níbẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní ilẹ̀ sí ibòmíràn. Ó ní títì ti gba orí ibojì ìyá òun kọjá, òun sì mọ ibi tó wà gan-an, nítorí òun máa ń ka iye òpó iná títí dé ibẹ̀.

"Kai," ó ní, "ẹyẹ yín yìí ńlá ni. Kò lè ṣàìrí àyè díẹ̀."

Mo bi í ní orúkọ abúlé náà, mo kọ ọ́ sí àyà ẹyẹ, kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbújá. Kò sí lórí máàpù ọ́fíìsì mọ́, n kò sì bi ẹnikẹ́ni. Bàbá Jàtau fi ìka kan ibẹ̀, ó wo ìka náà bóyá tàdáwà ta sí i, ó dìde. Mo rò ó lẹ́yìn tó lọ. Èmi fi ẹsẹ̀ ara mi kúrò nílé. Ní tirẹ̀, ilé ló kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun kò sì tíì rìn ju ìtòsí lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó bá mi tún ẹnu ìlẹ̀kùn tó ti ń dún láti ọdún tó kọjá ṣe.

Ní Sátidé yẹn, mo sọ ti máàpù ẹyẹ náà fún Rísíkátù. Mo ti rò ó dáadáa, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bó ṣe yẹ: ìlú ni, odò ni, ìrísí ẹyẹ ni a kàn fún un. Ó ní òun á sọ fún Bàbá. Nígbà tí akọ̀wé pe Ìlọrin lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí mo gbé tẹlifóònù sétí, ohùn bàbá mi ni mo gbọ́. N kò tíì gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Ó ti tín-ín-rín sí i.

"Ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ káàárọ̀. Ẹ kú ilé."

"Wọ́n ní o ń ya ẹyẹ."

"Máàpù ni, Bàbá. Ìlú àti odò ló wà níbẹ̀."

"Ṣé ó lórí?"

"Ó lórí."

"Ṣé ó lójú?"

Mo ní mi ò tíì dé ibẹ̀.

"Tó o bá dé ibẹ̀," ó ní, "kí o sọ fún mi." Ó sì gbé tẹlifóònù fún Rísíkátù, tó bi mí pé ṣé mò ń jẹun dáadáa.

*

Mo mọ ohun tó ń bi mí. Àwa ọmọ kéwú mọ̀ ọ́n láti kékeré. Òkúta tó jọ màlúù, òkúta ni. Ìkùukùu tó jọ ẹṣin, ìkùukùu ni. Ṣùgbọ́n ní tiwa, ohun tí ènìyàn bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ní ojú, ó ti fẹ́ kí ó máa wo òun nìyẹn. Bí ẹyẹ mi kò bá lójú, ìlú ni. Bí ó bá lójú, kìnnìún lẹ́yìn lọ́rì ló tún padà dé, kódà kó tóbi tó ìlẹ̀kùn méjì.

Mo fi ọ̀dà pupa ya ẹyẹ náà sórí pátákó, mo fi búlúù fa odò, mo fi funfun kọ orúkọ ìlú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo ṣe ìyẹ́ débi pé Sípíríánì ní òun ti dárí jì mí nípa Oníṣà. Níbi tó yẹ kí ojú wà, mo kọ Kánò, mo sì fọ búrọ́ọ̀ṣì mi.

Píétà dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní iṣẹ́ náà dára ju bí òun ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "O gbàgbé ojú."

Mo ní n kò gbàgbé. Mo sọ ti bàbá mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan àgbò tó wà lẹ́yìnkùlé. Ó gbọ́ ọ já. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi àgbò. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ọ̀gá ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n bá rí idì tí kò lójú, wọ́n á rò pé òkú ẹyẹ la gbé wá fún wọn. Ó ní kìnnìún tòun lójú, kò sì tíì gé ẹnikẹ́ni jẹ.

"Fi ojú sí i kí o tó lọ sílé," ó ní. "Tí o kò bá lè ṣe é, nọ́ńbà ọkọ̀ ṣì wà níta láti kọ."

Ẹ̀rù bà mí. Tí mo bá padà síta, ìdí tíìpà ni màá padà sí, kìnnìún ni wọ́n á sì ní kí n yà. Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, mo po ọ̀dà dúdú, mo gun àkàbà, mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè. Èékánná ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pátákó náà. Ìyà máa jẹ mí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìyà tí mo mọ̀ ni, mo sì ti jẹ ẹ́ rí. Ohun tí n kò ní lè fara dà ni kí bàbá mi tún bi mí ní ìbéèrè kan náà lórí tẹlifóònù, kí ó tún gbé e fún Rísíkátù. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo da ọ̀dà náà padà sínú agolo, mo lọ sílé.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, Píétà wà lórí àkàbà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì mi. Ó ti fi ojú sí i. Kì í ṣe ẹni tó mọ búrọ́ọ̀ṣì í dì, ojú náà sì ga jù, ó fẹ̀ jù, idì náà wá ń wo gbogbo ènìyàn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́, kò bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀gá dé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sún mọ́ pátákó, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wá ibi tí wọ́n bí i sí, kò sì sí ẹni tó sọ nǹkan kan nípa ojú. Wọ́n gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí n padà síta, èmi náà kò bèèrè. Ó pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí Píétà tó tún bá mi ṣàwàdà.

Sípíríánì gbà mí nímọ̀ràn. "Sọ fún bàbá rẹ pé o kò fi ojú sí i. Òótọ́ ni. Kí o sì dákẹ́ síbẹ̀."

Ìmọ̀ràn náà dùn létí mi. Mo tún un sọ fún ara mi nínú ọkọ̀ láti Kárú títí dé Gàríkì lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló tún gbé tẹlifóònù.

"O ti dé ibẹ̀?"

"Mo ti dé ibẹ̀, Bàbá. Ó lójú."

Mo gbọ́ tí wáyà ń hó. Mo gbọ́ tí olóògùn òyìnbó ń bá ẹnìkan ná ọjà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló fi sí i?"

"Òyìnbó ọ̀gá mi ni. Ó ní kí n fi sí i, mo kọ̀. Ó ní òun máa dá mi padà sídìí ọkọ̀, mo ṣì kọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gun àkàbà."

"Ìwọ kò fọwọ́ kàn án?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án."

Mo di tẹlifóònù náà mú débi pé etí ń ta mí.

"Ẹyẹ jẹ́ ti òyìnbó, tó bá rí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ìlú ni tìẹ. Níbo ni Ìlọrin wà níbẹ̀?"

"Lábẹ́ apá òsì, Bàbá. Ìsàlẹ̀ odò Ọya."

"O kọ ọ́ dáadáa?"

"Mo kọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi."

Ó wúkọ́. Ó ní ààwẹ̀ ti sún mọ́lé. Ó ní àwọn ti wo inú ilé, àwọn kò rí ṣúgà tí àwọn máa fi ṣínu. Lẹ́yìn náà ó ní kí n má fi owó ṣòfò lórí tẹlifóònù, ó sì gbé e kalẹ̀.

Akọ̀wé ní kí n kúrò níbẹ̀, ẹlòmíràn ń dúró. Mo jáde, mo jókòó sórí bíríkì kan níwájú ilé tẹlifóònù, mo sunkún lójú gbogbo àwọn tó tò sínú oòrùn, n kò sì bojú. Nígbà tó tó, mo lọ sí ọjà, mo ra ṣúgà onípáálí títí ọwọ́ mi kò fi lè gbé e mọ́, mo kó o lọ síwájú ìsọ̀ Sàká.

Ó wo ẹrù náà, ó wo ojú mi.

"Ti ta ni?"

"Ti Bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀rẹ́, o mọ̀ pé wọ́n á tún ní kí n gbé e padà."

"Wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀," mo ní. "Àwọn ló bèèrè."